Irú ìbòrí wo ni yóò bá aṣọ ìgbéyàwó mi mu?

Ìyàwó Ọ̀la:
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin ìyá mi. Mo ti rí aṣọ ìgbéyàwó tí ó tẹ́ mi lọ́rùn, ọ̀rọ̀ ìbòrí nìkan ni ó kù tí n kò tíì rí ojútùú sí. Sátínì tí ó nípọn ni wọ́n fi rán aṣọ náà. Kò ní ìlẹ̀kẹ̀ tàbí ọnà kankan níwájú, ó lẹ̀ mọ́ ara láti àyà títí kọjá ìbàdí kí ó tó tú sílẹ̀, ó sì ní ìrù tí ó ń wọ́ nílẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ẹwà rẹ̀ wà, nítorí pé léèsì ni wọ́n fi ṣe é láti èjìká dé ìbàdí, wọ́n sì to bọ́tìnì wẹ́wẹ́ sí àárín rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Èmi fúnra mi kò ga, mo sì fẹ́ kí wọ́n ká irun mi sí ìpàkọ́. Ìyá mi fẹ́ ìbòrí gígùn tí yóò wọ́ nílẹ̀, ọ̀rẹ́ mi kan ní èyí tí ó mọ ní ìgúnpá ni ó yẹ mí, ọ̀rẹ́ mi kejì sì ní kí n má dé ohunkóhun rárá. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ó yẹ kí n wò kí n tó yan ọ̀kan?

Aránṣọ Àgbà:
Àbúrò mi, o kú oríire, Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ó yọrí sí ayọ̀. Inú mi dùn pé o ti ra aṣọ kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìbòrí, nítorí aṣọ ni ó yẹ kí ó ṣáájú. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ ra ìbòrí yóò máa wá aṣọ tí yóò gbà á, ìyẹn sì máa ń nira.

Nígbà tí mo bá ń bá ìyàwó yan ìbòrí, ibi tí etí rẹ̀ yóò parí sí ni mo kọ́kọ́ máa ń wò. Ojú máa ń la àárín nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń ṣe ìbòrí kọjá, ṣùgbọ́n kì í la etí rẹ̀ kọjá, pàápàá bí wọ́n bá fi ríbọ́ọ̀nù tàbí léèsì yí i ká. Etí yẹn yóò fa ìlà kan kọjá lára ìyàwó, ibi tí ìlà náà bá sì bọ́ sí ni àwọn ènìyàn yóò tẹjú mọ́, ìyàwó ìbáà fẹ́, ìbáà kọ̀. Nítorí náà, má ṣe jẹ́ kí ó parí sí ibi tí ara rẹ ti fẹ̀ jù lọ, àyàfi bí ibẹ̀ bá jẹ́ ohun tí o fẹ́ kí wọ́n rí, má sì jẹ́ kí ó gé ọnà tí ó wà lára aṣọ sí méjì.

Kí ó lè yé ọ dáadáa, jẹ́ kí n sọ bí gígùn wọn ṣe rí. Èyí tí ó kúrú jù ni nẹ́ẹ̀tì kékeré tí kì í kọjá imú tàbí àgbọ̀n. Ó dára fún aṣọ tí kò dé ilẹ̀ àti fún ẹni tí ó fẹ́ràn ìmúra ayé àtijọ́. Èyí tí ó kan èjìká máa ń tó nǹkan bí 50 sẹ̀ǹtímítà, èyí tí ó dé ìgúnpá jẹ́ nǹkan bí 75, èyí tí ó sì bá orí ìka ọwọ́ dọ́gba nígbà tí apá bá wà nílẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 100. Lẹ́yìn ìyẹn ni èyí tí ó máa ń dúró láàárín orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀, tí ó jẹ́ nǹkan bí 150, àti èyí tí ó kan ilẹ̀, tí ó jẹ́ nǹkan bí 180. Àwọn tí ó ń wọ́ nílẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 230, wọ́n sì lè tó 300 sẹ̀ǹtímítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Má ṣe mú àwọn ìwọ̀n yìí bí òfin, nítorí gígùn ara wa kò dọ́gba, ibi tí wọ́n bá sì fi ìbòrí há lórí yóò yí gbogbo rẹ̀ padà.

Ó yé mi bí ọ̀rẹ́ rẹ ṣe dé orí èyí tí ó mọ ní ìgúnpá, nítorí ó máa ń yẹ ìyàwó gan-an nígbà tí ìsàlẹ̀ gáùn bá fẹ̀ rẹrẹ láti ìbàdí. Ibi tí aṣọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ ni ìbòrí yóò ti parí, ọ̀kan kò sì ní dí èkejì lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n aṣọ tìrẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Etí rẹ̀ yóò bọ́ sórí léèsì ẹ̀yìn rẹ, yóò sì gé ìlà bọ́tìnì yẹn láàárín. Bí o bá mú èyí tí ó dé orí ìka ọwọ́, yóò parí sí itan, níbi tí aṣọ rẹ ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tú sílẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni ó yẹ kí ojú ti rí bí aṣọ náà ṣe tẹ̀ mọ́ ara. Nípa bẹ́ẹ̀, mo fara mọ́ ohun tí ìyá rẹ sọ: mú èyí tí ó gùn, kí ó jẹ́ ìpele kan ṣoṣo, kí nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí bọ́tìnì yóò fi máa hàn lábẹ́ rẹ̀, kí etí rẹ̀ sì jẹ́ gígé lásán láìsí ríbọ́ọ̀nù. Ó lè parí ní ibi tí ìrù aṣọ ti bẹ̀rẹ̀, ó sì lè kọjá òpin ìrù náà ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 15 sí 30. Ohun tí mo máa ń kọ̀ fún àwọn oníbàárà mi ni kí ó dúró sí àárín ìrù, nítorí ńṣe ni yóò dà bí ẹni pé nẹ́ẹ̀tì kò tó.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n aránṣọ. Mo gba ohun tí ẹ sọ nípa aṣọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á ronú nípa ẹni tí yóò wọ̀ ọ́ pẹ̀lú. Ìbòrí mítà mẹ́ta lẹ́wà nígbà tí ìyàwó bá dúró sójú kan, àmọ́ yóò rìn, yóò yí padà, yóò jókòó, àwọn ènìyàn yóò sì dì mọ́ ọn. Bí ilẹ̀ bá jẹ́ koríko tàbí yanrìn, nẹ́ẹ̀tì yóò máa kó gbogbo ohun tí ó bá wà níbẹ̀. Ní ìta gbangba, atẹ́gùn lè gbé e bo ojú ọkọ ìyàwó nígbà tí ó bá yẹ kí wọ́n máa wo ara wọn. Wọ́n lè rán ìwúwo kéékèèké sí etí rẹ̀ kí ó má baà fò, ṣùgbọ́n bí atẹ́gùn bá le, èyí tí ó kúrú ni yóò fún ìyàwó ní ìfọ̀kànbalẹ̀.

Àbúrò mi, bí ó bá jẹ́ gígùn ni o fẹ́, fi kọ́tìnnì fúlẹ́fúlẹ́ kan há orí nínú ilé, kí o sì fi rìn kiri. Yí padà pẹ̀lú rẹ̀, gun àtẹ̀gùn, jókòó, dìde. Sọ fún ọ̀rẹ́ ìyàwó kan ṣáájú pé òun ni yóò máa tún un ṣe lẹ́yìn rẹ, kí ó má baà jẹ́ pé mẹ́ta nínú wọn yóò máa fà á lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ó bá sì di àkókò ijó, bọ́ ọ. Kò sí ohun tí ó burú nínú kí ìyàwó bọ́ ìbòrí lẹ́yìn tí ètò ìsopọ̀ bá ti parí.

Ìyàwó Ọ̀la:
Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Inú ilé ni ètò náà yóò ti wáyé, ìta ni a ó ti ya àwòrán. Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ni mo tún fẹ́ béèrè. Aṣọ mi kì í ṣe funfun báláú, ó fẹ́ jọ àwọ̀ eyín erin. Ẹni tí ó ń ta ìbòrí ní gbogbo nẹ́ẹ̀tì ni ó ń bá ara wọn lọ, pé kò sí ẹni tí yóò mọ ìyàtọ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Aránṣọ Àgbà:
Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nẹ́ẹ̀tì tí ó jẹ́ funfun báláú yóò mú kí aṣọ aláwọ̀ eyín erin dà bí èyí tí ó ti gbó, nẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ eyín erin yóò sì dà bí ohun tí ó dọ̀tí lórí aṣọ funfun báláú. Ohun mìíràn tí ó máa ń tan ènìyàn jẹ ni pé nẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́, nítorí náà àwọ̀ rẹ̀ nígbà tí ó bá wà ní ìṣùpọ̀ lórí káńtà yàtọ̀ sí àwọ̀ rẹ̀ nígbà tí ó bá jẹ́ ìpele kan. Béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó ń tún aṣọ rẹ ṣe fún àjákù sátínì tí wọ́n gé kúrò ní etí ìsàlẹ̀, kí o mú un lọ, kí o tẹ́ nẹ́ẹ̀tì lé e ní ìpele kan, kí o sì gbé méjèèjì lọ sí ẹnu fèrèsé ní ọ̀sán. Iná inú ṣọ́ọ̀bù máa ń pọ́n, ó sì máa ń sọ gbogbo funfun di ọ̀kan náà. Bí o kò bá rí èyí tí ó bá a mu pátápátá, mú èyí tí ó fi díẹ̀ funfun ju aṣọ lọ, nítorí pé àwọ̀ aṣọ yóò hàn láti abẹ́ rẹ̀.

Mo fẹ́ kí o fi ọwọ́ kan nẹ́ẹ̀tì náà pẹ̀lú. Fún un mọ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ, kí o sì tú ọwọ́ sílẹ̀. Èyí tí wọ́n fi náílọ́nù ṣe yóò ta padà kíá, yóò sì dúró gbagidi. Ìyẹn dára fún ẹni tí ó fẹ́ kí ìbòrí rẹ̀ wú sókè, tí ó sì ní ìpele méjì. Èyí tí wọ́n fi sílíìkì ṣe yóò rọra tú, yóò sì ṣàn wálẹ̀ bí omi. Sílíìkì ni yóò dùn mọ́ aṣọ tí ó lẹ̀ mọ́ ara bíi tìrẹ, nítorí kò ní dúró jìnnà sí ọ, kò sì ní fi kún fífẹ̀ rẹ. Àléébù rẹ̀ ni pé ó wọ́n, òrùka tàbí èékánná sì lè fà á ya ní ìṣẹ́jú kan. Bí apá rẹ kò bá ká a, àwọn náílọ́nù kan wà tí wọ́n rọ̀ dáadáa. Fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ dán wọn wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Oníléèsì:
Ẹ jẹ́ kí n fi ti ọnà kún un. Níbi tí aṣọ bá ti dákẹ́, ìbòrí lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kí méjèèjì má ṣe sọ̀rọ̀ níbi kan náà. Àpẹẹrẹ tí ó hàn kedere jù lọ ni ti Meghan Markle nígbà tí ó fẹ́ Ọmọọba Harry ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù karùn-ún ọdún 2018. Gáùn tí Clare Waight Keller ṣe fún un ní ilé aṣọ Givenchy kò ní ọnà kankan lára, ṣùgbọ́n ìbòrí rẹ̀ gùn tó mítà márùn-ún, wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ ya òdòdó orílẹ̀-èdè 53 tí ó wà nínú àjọ Commonwealth nígbà náà sí etí rẹ̀. Àárín ìbòrí náà kò ní nǹkan kan, nítorí náà aṣọ hàn, ojú rẹ̀ hàn, òdòdó wọ̀nyẹn sì tẹ́ lọ lórí ilẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Àbúrò, ìwọ ní léèsì ní ẹ̀yìn tẹ́lẹ̀. Bí o bá fẹ́ ọnà lára ìbòrí, ìsàlẹ̀ pátápátá ni kí ó wà, níbi tí ó ti jìnnà sí léèsì náà, kí òdòdó rẹ̀ sì jọ ti ara aṣọ. Léèsì méjì tí wọ́n fẹ́ jọra ṣùgbọ́n tí wọn kò jọra ni ó máa ń ba ìmúra jẹ́ jù. Bí o kò bá rí èyí tí ó bá a mu, fi etí rẹ̀ sílẹ̀ lásán, kí o má sì kábàámọ̀ rẹ̀. Ìbòrí àwọn ará Sípéènì tí wọ́n ń pè ní mantilla, tí léèsì yí etí rẹ̀ ká, tí ó sì máa ń yí ojú ká láti orí, lẹ́wà púpọ̀, ṣùgbọ́n aṣọ tí kò ní ọnà níwá àti lẹ́yìn ni ó bá a lọ. Lára tìrẹ, yóò bo bọ́tìnì àti irun rẹ pa pọ̀.

Ẹnikẹ́ni tí aṣọ rẹ̀ bá ní ìlẹ̀kẹ̀, kí ó fi nẹ́ẹ̀tì rọra nù ún lára kí ó tó sanwó. Bí ó bá ń há, yóò máa há ní gbogbo ọjọ́ náà.

Onídìrí:
Ẹ kú ìmọ̀ràn. Ibi tí kóòmù kékeré tí wọ́n rán mọ́ orí ìbòrí bá wà ni ìbòrí ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìyàwó sì ń ra ìbòrí kí wọ́n tó mọ bí irun wọn yóò ṣe rí. Bí wọ́n bá fi kóòmù há àárín orí, nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kó jọ sórí kóòmù yóò wú díẹ̀, yóò sì fi kún gíga. Ìyẹn lè ran ìwọ tí o kò ga lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kí ìkójọ náà má pọ̀ jù, nítorí nẹ́ẹ̀tì tí ó bá fẹ̀ jù máa ń gbé ènìyàn kékeré mì. Bí wọ́n bá fi í há abẹ́ irun tí wọ́n ká sí ìpàkọ́, irun yóò hàn, ìmúra yóò sì jọ ti òde òní, àmọ́ ìbòrí kan náà yóò wálẹ̀ ju bí ó ṣe rí lọ nígbà tí ó wà ní àárín orí. Nítorí náà, fi píìnì so okùn kan mọ́ ibi tí kóòmù yóò wà gan-an, wọ bàtà ọjọ́ náà, kí ẹlòmíràn sì wọn okùn náà dé ibi tí o fẹ́ kí etí ìbòrí wà. Ìwọ̀n yẹn ni kí o mú lọ sí ọ̀dọ̀ aránṣọ.

Kóòmù nìkan kì í di ìbòrí gígùn mú. Lórí irun tí ó ń yọ̀, mo máa ń di irun tín-ín-rín kan lábẹ́, kí eyín kóòmù lè rí ibi dì mú, lẹ́yìn náà mo máa ń gún píìnì méjì ní àgbélébùú lé e lórí. Ìyá aránṣọ lè rán ojú okùn kéékèèké sí ara kóòmù náà kí píìnì lè gba inú wọn kọjá. Bí adé bá wà, adé ni kí á kọ́kọ́ dé, kí ìbòrí sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Yẹra fún yẹtí gígùn tí ó ní ìkọ́, nítorí nẹ́ẹ̀tì máa ń há sí i, yóò sì fà ọ́ ní etí.

Awo Dígí:
Ẹ jọ̀ọ́, èmi náà ń múra ìgbéyàwó. Irun mi kúrú gan-an, mo sì máa ń wo dígí ojú. Mo fẹ́ kí ìbòrí bo ojú mi nígbà tí mo bá ń wọlé, ṣé yóò ṣeé ṣe?

Onídìrí:
Yóò ṣeé ṣe. Lórí irun kúkúrú, a lè rán ìbòrí mọ́ báńdì tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó yí orí ká, kí a sì fi òdòdó tàbí ìlẹ̀kẹ̀ bò ó. Àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ fi í sórí, èjìká aṣọ ni wọ́n máa ń so ó mọ́ bí agbádá fẹ́lẹ́, ó sì máa ń wuyì púpọ̀ lára ẹni tí ó gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ní ti ojú, nẹ́ẹ̀tì tí ó rọ̀ jù yóò lẹ̀ mọ́ dígí, nítorí náà mú èyí tí ó le díẹ̀ fún apá iwájú, kí ó sì gùn kọjá àgbọ̀n dáadáa kí ó lè dúró jìnnà sí imú. Kí ẹni tí yóò ṣí i fi ọwọ́ méjèèjì mú un ní ìsàlẹ̀, kí ó gbé e sókè gbọọrọ, kí ó tó dà á sẹ́yìn. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ ṣáájú.

Ayàwòrán:
Ọ̀rọ̀ kan láti ọ̀dọ̀ èmi tí mo máa ń wo ìbòrí láti ẹ̀yìn kámẹ́rà. Bí ẹ bá fẹ́ kí ojú ìyàwó hàn nínú gbogbo àwòrán, kò pọn dandan kí ìbòrí bo ojú. Nígbà tí Grace Kelly, òṣèré sinimá ará Amẹ́ríkà, ṣe ìgbéyàwó ní ọdún 1956, wọ́n dìídì ṣe ìbòrí rẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè máa hàn, wọ́n sì so ó mọ́ fìlà kékeré tí wọ́n fi léèsì àti ìlẹ̀kẹ̀ ṣe ọ̀ṣọ́ sí. Bí ẹ bá sì fẹ́ èyí tí ó bo ojú, ẹ jẹ́ kí apá iwájú yẹn wà láìní ìlẹ̀kẹ̀, nítorí ìlẹ̀kẹ̀ kan tí ó bá bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yóò dà bí àbàwọ́n nínú àwòrán.

Ìyàwó Ọ̀la, ẹ̀yìn aṣọ rẹ ni kí a yà kí wọ́n tó dé ìbòrí fún ọ. Sọ ọ́ fún ayàwòrán rẹ kí ó tètè dé. Nígbà tí ẹ bá wá jáde síta, ìbòrí gígùn onípele kan yẹn ni yóò gba afẹ́fẹ́ dáadáa. Kí ẹnì kan gbé etí rẹ̀ sókè, kí ó jù ú sílẹ̀, kí ó sì yára kúrò lójú kámẹ́rà.

Ìyá Ìbejì:
Mo tún padà wá nítorí ìtọ́jú. Ẹ má ṣe gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé nẹ́ẹ̀tì náílọ́nù, yóò yọ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ gbé e kọ́ sí ilé ìwẹ̀ níbi tí omi gbígbóná ti ń sáré, kí ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ooru omi náà sì tú ìkákò rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí omi fúnra rẹ̀ ta sí i. Nígbà tí ó bá ti tú, ẹ gbé e kọ́ sókè títí di ọjọ́ náà, ẹ má tún ká a sínú báàgì. Kí ẹnikẹ́ni tí yóò bá fi ọwọ́ kàn án fọ ọwọ́ kí ó sì nù ún gbẹ. Àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ́rẹ́ sí ìbòrí Meghan tí oníléèsì mẹ́nu kàn máa ń fọ ọwọ́ wọn ní ìṣẹ́jú 30 sí ìṣẹ́jú 30, kí nẹ́ẹ̀tì àti òwú má baà dọ̀tí. Kí ìyàwó kun ẹnu rẹ̀ kí ó tó dé ìbòrí, kí ó sì jẹ́ kí ìkunnu gbẹ kí wọ́n tó fa ìbòjú wálẹ̀.

Ìyàwó Ọ̀la:
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti lọ dán wọn wò pẹ̀lú aṣọ náà, mo sì gbé àjákù sátínì dání gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe wí. Èyí tí ó mọ ní ìgúnpá gé bọ́tìnì mi sí méjì lóòótọ́, mo rí i fúnra mi nínú dígí ẹ̀yìn. Èyí tí ó wù mí jẹ́ náílọ́nù rírọ̀, ìpele kan, tí etí rẹ̀ jẹ́ gígé lásán, tí ó sì kọjá ìrù aṣọ díẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi í há abẹ́ irun, ẹ̀yìn aṣọ hàn láti abẹ́ rẹ̀ kedere, inú ìyá mi sì dùn nítorí pé ó ń wọ́ nílẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni ó kù: ó ti gùn jù fún mi ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ méjì. Ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n gé e nísinsìnyí?

Aránṣọ Àgbà:
Má ì tíì gé e. Dúró di ìgbà tí o bá máa wọ aṣọ wò kẹ́yìn, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ká etí ìsàlẹ̀ aṣọ náà, tí o wọ bàtà ọjọ́ ìgbéyàwó gan-an, tí irun rẹ sì wà ní kíká. Kí ẹni tí yóò gé e tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbọọrọ lórí ilẹ̀ tí ó mọ́, kí ó fi píìnì sàmì sí ibi tí yóò gé kí o wò ó lára kí sísọ́ọ̀sì tó kàn án, kí ó sì fi sísọ́ọ̀sì gígùn tí ó mú gé e lẹ́ẹ̀kan, kí ó rọ igun rẹ̀ méjèèjì ní róbótó. Sọ fún un kí ó kọ́kọ́ gé ìdajì ohun tí o rò pé ó gùn jù. Bí ó bá ṣì gùn, ó lè tún gé e.